Ẹni Àkọ́kọ́ Nínú Ilé: Ìtàn Bí Linux Ṣe Ń Jí Àwọn Òṣìṣẹ́ Rẹ̀, àti Bí Ó Ṣe Ń Dá Wọn Dúró

Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ekukáká ni a fi lè rí ilé kan tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò kan nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà mìíràn, ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n máa ń dìde jókòó ti ẹ̀rọ. Bí ìyá tàbí bàbá bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe, èsì wọn kì í gùn: "Service kan ló kú, mo fẹ́ gbé e dìde." Kí ló kú? Ta ni ó yẹ kí ó gbé e dìde? A rò pé ó tó àkókò kí a sọ ọ̀rọ̀ náà ní èdè tí gbogbo ilé yóò gbọ́, nítorí ìtàn iṣẹ́ ni, ìtàn ìjà sì ni pẹ̀lú: ìjà lórí ẹni tí yóò ṣe olórí nínú ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ kọ́.

Linux ni ètò tí ó ń darí púpọ̀ jùlọ nínú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí íntánẹ́ẹ̀tì gbára lé, òun náà ló sì wà nísàlẹ̀ fóònù Android. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Bí a bá tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kernel ni yóò kọ́kọ́ jí. Kernel kì í dá jí gbogbo ilé. Ọmọ kan ṣoṣo ni yóò jí, yóò sì fún un ní nọ́ńbà 1. Ọmọ yìí ni yóò wá jí àwọn ìyókù: èyí tí ń gba lẹ́tà wọlé, èyí tí ń tẹ̀wé, èyí tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, èyí tí ń tún aago ṣe. Abẹ́lẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó jókòó síwájú ẹ̀rọ kì í rí wọn. Daemon ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n, orúkọ tí àwọn kan ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà mú lò ní 1963, tí wọ́n fà yọ láti ara ẹ̀dá àìrí kan tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Maxwell fi ṣe àpèjúwe. Àwa ì bá pè wọ́n ní iwin, ṣùgbọ́n iwin tiwa kì í gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ni a ó máa pè wọ́n níhìn-ín.

Nọ́ńbà 1 ni baálé. Bí òṣìṣẹ́ kan bá kú tí ó fi ọmọ sílẹ̀, ọmọ náà di ọmọ òrukàn (bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ náà ń pè é, kì í ṣe àwa ni a fún un lórúkọ), baálé ni yóò sì gbà á tọ́. Bí òṣìṣẹ́ bá kú tí òbí rẹ̀ kò wá gba ìròyìn ikú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò ní kúrò nínú ìwé; kò sí láàyè, kò sì tíì lọ, bí akúdàáyà. Baálé ló ń sin ti àwọn ọmọ òrukàn. Bí baálé fúnra rẹ̀ bá sì kú, kernel kò ní dúró wo ẹnikẹ́ni, gbogbo ẹ̀rọ ni yóò dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ó rí ìdí tí ipò yìí fi di ohun tí ènìyàn ń jà sí.

Ipò náà ti wà kí Linux tó dé. Ní 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ sí kọ Unix ní ilé ìwádìí Bell Labs ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Nínú ìwé àlàyé àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún Unix, tí ó jáde ní Oṣù Kọkànlá 1971, orúkọ init ti wà níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Yóò ka àwọn àṣẹ tí ó wà nínú fáìlì kan tí ń jẹ́ /etc/rc, yóò ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà yóò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Bí ẹni náà bá parí iṣẹ́ tí ó lọ, init yóò tún ìlẹ̀kùn ṣí fún ẹlòmíràn. Kò sí ètò pàtó fún dídá òṣìṣẹ́ dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ọ̀kan dúró yóò wá nọ́ńbà rẹ̀, yóò sì pa á. Ilé kékeré ni, àwọn ará ilé kò pọ̀, gbogbo wọn mọ ara wọn.

Àwọn ará California tí wọ́n ń ṣe irú Unix tí wọ́n pè ní BSD kò kúrò lórí fáìlì kan tàbí méjì wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ AT&T gbé System V jáde ní 1983, ìlànà tí ó gbilẹ̀ pẹ̀lú ìran rẹ̀ ni ti ìpele. Ìpele 0 ni pé kí ẹ̀rọ kú. Ìpele 1 jẹ́ ti alátùn-únṣe nìkan, nígbà tí gbogbo àlejò ti jáde. Ìpele 6 ni kí ẹ̀rọ kú kí ó tún jí. Láàárín wọn ni àwọn ìpele iṣẹ́ wà. Nínú Linux ti Red Hat, 3 jẹ́ ti ẹ̀rọ tí kò ní àwòrán lójú, 5 jẹ́ ti èyí tí ó ní. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀, nínú àpótí náà ni orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wà pẹ̀lú lẹ́tà kan àti nọ́ńbà méjì níwájú. S20 túmọ̀ sí pé kí a jí ẹni yìí ní ipò ogún. K80 túmọ̀ sí pé kí a dá ẹni yìí dúró ní ipò ọgọ́rin. Ẹni tí ó bá ní nọ́ńbà kékeré ló ń ṣáájú. Bí alábòójútó bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan má jí mọ́, yóò yí S padà sí K, ó parí. Ọgbọ́n kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè ka orúkọ fáìlì lè mọ bí gbogbo ilé ṣe ń jí láàárọ̀.

Nígbà tí Linux dé, Miquel van Smoorenburg, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kọ irú init ti System V náà fún un. Debian, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, àti Red Hat tí ó tẹ̀lé e ní 1994, gbé e lò. Slackware tí Patrick Volkerding gbé jáde ní 1993 sún mọ́ ọ̀nà BSD ní tirẹ̀. Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ yìí ní ìparí àwọn ọdún 1990, ní kíláàsì alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sán, àpótí /etc/init.d ni wọ́n fi kọ́ wa. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́: bí wọ́n bá sọ fún ọ pé start, ṣe báyìí, bí wọ́n bá ní stop, ṣe báyìí. Ìwé mìíràn gùn ju ọgọ́rùn-ún ìlà lọ, kò sì sí méjì tí ó rí bákan náà, nítorí ẹni tí ó kọ èyí kọ́ ni ó kọ ìyẹn.

Jíjí kò ṣòro. Dídá dúró ni wàhálà. Òṣìṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ayé ìgbà náà ní àṣà kan: bí ó bá ti jí, yóò bí ọmọ, ọmọ náà yóò tún bí ọmọ, àwọn òbí á sì kú, kí èyí tí ó kù lè di ọmọ òrukàn tí kò so mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ-ọmọ yìí ló ń ṣiṣẹ́ gan-an. Báwo ni ìwé àṣẹ yóò ṣe mọ ẹni tí yóò dá dúró? Wọ́n á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fáìlì kékeré kan. Nígbà tí a bá ní stop, ìwé àṣẹ yóò ka nọ́ńbà náà, yóò fi àmì 15 ránṣẹ́, èyí tí í ṣe "jọ̀wọ́, palẹ̀ mọ́ kí o máa lọ". Bí kò bá gbọ́, àmì 9 ló kù, ìyẹn kò sì ní jọ̀wọ́ nínú. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ náà bá ti kú tẹ́lẹ̀ ńkọ́, tí kernel sì ti fi nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹlòmíràn? Aláìṣẹ̀ ni wọn yóò pa. Bí ó bá sì ti bí ọmọ púpọ̀ tí nọ́ńbà wọn kò sí nínú fáìlì, olórí á kú, àwọn ọmọ á kù sílé, wọ́n á di ilẹ̀kùn mú, àrọ́pò rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni init ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó ti jí gbogbo wọn láàárọ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí.

Ẹ̀sùn kejì ni ìfàsẹ́yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jí, S21 kò gbọdọ̀ là jú kí S20 tó dìde tán. Lórí ẹ̀rọ ńlá tí kì í kú fún oṣù mẹ́fà, kò ṣe nǹkan. Lórí kọ̀ǹpútà tí ènìyàn ń gbé sápò lọ síbi iṣẹ́, ó di ìyọnu. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2008, Arjan van de Ven àti Auke Kok, òṣìṣẹ́ Intel, fi kọ̀ǹpútà kékeré kan han àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé Linux lè jí tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Ojú ti àwọn tó kù díẹ̀.

Apple ti ṣáájú ní tirẹ̀. Ní 2005, wọ́n fi launchd rọ́pò àwọn ètò àtijọ́ nínú Mac OS X 10.4. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Scott James Remnant tí ń ṣiṣẹ́ ní Canonical gbé Upstart wọ inú Ubuntu 6.10. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Ubuntu, nítorí ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni Mark Shuttleworth tí ó dá a sílẹ̀ ní 2004, láti Gúúsù Áfíríkà, ìlú London níbí sì ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ fìdí sí. Ọ̀rọ̀ Zulu àti Xhosa ni Ubuntu. Ó bá ohun tí àwa ń pè ní ọmọlúàbí tan, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ọgbọ́n Upstart ni pé kò ka nọ́ńbà: ìṣẹ̀lẹ̀ ló ń dúró dè. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé, kí ẹni báyìí jí. Bí ẹni báyìí bá jí, kí ẹni tọ̀hún tẹ̀lé e. Fedora gbà á ní 2008, Red Hat Enterprise 6 gbà á ní 2010. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹrin 2010, Lennart Poettering kọ̀wé gígùn kan síta. Ọmọ Jámánì ni, Guatemala ni wọ́n bí i sí, ó sì lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀ ní Rio de Janeiro ní Bràsíìlì; Red Hat ni ó ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Òun àti Kay Sievers ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní systemd. Ohun méjì nínú rẹ̀ ni a gbà pé ó gba ìyìn, ẹni tí ó kórìíra rẹ̀ pàápàá kì í jiyàn wọn.

Èkíní, tí wọ́n kọ́ lára launchd, ni pé baálé fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí ó tó jí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni yóò jí gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tí ó bá nílò ẹlòmíràn yóò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, yóò dúró díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ní sọnù, nígbà tí onílé bá la jú yóò bá a níbẹ̀. Kò sí ìdí fún S20 àti S21 mọ́.

Èkejì ni ó tún ọ̀ràn dídá dúró ṣe. Ní 2006, Paul Menage àti Rohit Seth ní Google ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ohun kan tí ó wọ inú kernel ní Oṣù Kìíní 2008, tí wọ́n ń pè ní cgroup. Ẹ fi wé ilà ìdílé. Bí systemd bá jí òṣìṣẹ́ kan, yóò kọ ọ́ nílà. Gbogbo ọmọ tí òṣìṣẹ́ náà bá bí, àti ọmọ-ọmọ, á gbé ilà náà jáde láti inú, wọn kò sì lè fi ọwọ́ ara wọn pa á rẹ́. Ẹni tí ó bá sọ ara rẹ̀ di ọmọ òrukàn lẹ́ẹ̀méjì ṣì ní ilà. Nítorí náà, bí a bá ní stop, systemd kò wá nọ́ńbà nínú fáìlì kankan. Gbogbo ẹni tó ní ilà yẹn ni ó ń fi àmì 15 ránṣẹ́ sí. Bí a kò bá yí i padà, ìṣẹ́jú àáyá 90 ni ó fi ń dúró dè wọ́n, lẹ́yìn ìyẹn àmì 9. Nítorí pé ó mọ ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá kú, ó tún lè gbé e dìde láìjẹ́ pé ọmọ ẹnìkan fò dìde lóru. Ìwé àṣẹ ọgọ́rùn-ún ìlà di fáìlì ìlà mẹ́wàá.

Èdè tuntun tún bá a wọlé, ó sì yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ìyàtọ̀ inú rẹ̀, nítorí ó ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. Bí a bá tẹ systemctl start, òṣìṣẹ́ náà jí nísinsìnyí, ṣùgbọ́n a kò sọ ohunkóhun nípa ọ̀la. Bí a bá tẹ systemctl enable, a ní kí ó máa jí nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ bá jí, ṣùgbọ́n kò jí nísinsìnyí. Bákan náà ni stop jẹ́ ti òní, disable jẹ́ ti ọ̀la. Ẹni tí a bá disable ṣì lè jí bí ẹlòmíràn bá pè é. Bí a kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè jí i rárá, mask ni orúkọ àṣẹ náà: ó ń so orúkọ òṣìṣẹ́ mọ́ /dev/null, ihò tí ohun gbogbo ń wọ̀ tí kì í jáde.

Fedora 15 fi systemd joyè ní Oṣù Karùn-ún 2011. Arch tẹ̀lé e ní 2012. Níbẹ̀ ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀ sí ga. Kì í ṣe jíjí àti dídá dúró nìkan ni systemd ń ṣe mọ́: ó gba ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́, ó sì ń kọ ọ́ ní ọ̀nà tí ojú lásán kò lè kà, ó gba àkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde, débi pé tábìlì GNOME gbára lé e. Àwọn àgbà Unix ní òfin àtọdúnmọ́dún pé ètò kọ̀ọ̀kan ni kí ó ṣe iṣẹ́ kan, kí ó ṣe é dáadáa. Lójú wọn, baálé tí ó tún jẹ́ akọ̀wé, tí ó tún jẹ́ aṣọ́nà, ti ń gba ilé mọ́ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Àwọn tó fẹ́ ẹ náà dáhùn pé àwọn ni wọ́n ń tún ìwé àṣẹ ọgọ́rùn-ún ìlà kọ ní gbogbo ọjọ́, kí ẹni tí kò ru ẹrù má kà á sí fífúyẹ́. Ní Oṣù Kẹrin 2014, Torvalds fúnra rẹ̀ bínú pé òun kò ní gba iṣẹ́ Sievers sínú kernel mọ́ àfi bí ó bá tún ìwà ṣe. Poettering kọ̀wé lọ́dún kan náà pé àwọn kan ń dá owó jọ láti fi bẹ apààyàn sí òun. Lórí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìdúró ẹ̀rọ! A kò rí àwíjàre kankan fún ìyẹn.

Ìjà tó le jù ni ti Debian, nítorí Debian kò ní ọ̀gá tó ń sanwó. Ìbò ni wọ́n fi ń ṣe ìjọba, Ubuntu pẹ̀lú àwọn mìíràn sì ń mu omi lára rẹ̀. Ẹni mẹ́jọ ló wà nínú ìgbìmọ̀ tí ọ̀ràn náà dé iwájú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé síra wọn fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí wọ́n dìbò ní Oṣù Kejì 2014, wọ́n pín sí méjì, mẹ́rin síhìn-ín, mẹ́rin sọ́hùn-ún. Bdale Garbee, alága wọn, ló fi ìbò alága gbé systemd borí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Shuttleworth kéde pé Ubuntu yóò gba ohun tí Debian gbà, yóò sì fi Upstart tirẹ̀ sílẹ̀. Kò bínú, kò sì ṣe àwáwí. Nínú gbogbo ìjà yìí, ìwà rẹ̀ yẹn ló wù wá jù.

Ìdìbò kò pa iná náà. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà, Joey Hess tó ti ń bá Debian bọ̀ láti àwọn ọdún 1990 fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ian Jackson kúrò nínú ìgbìmọ̀. Tollef Fog Heen, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú systemd fún Debian, ní ojoojúmọ́ ni ìbínú àwọn ènìyàn ń mú iṣẹ́ náà sú òun, ó sì gbé e sílẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ìhà méjèèjì ni ó ti ń pàdánù ènìyàn. Kí oṣù náà tó parí, àwọn kan kó ẹrù wọn jáde láti kọ́ ilé tiwọn, wọ́n pè é ní Devuan: Debian láìsí systemd. Wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé kò ní pẹ́ tí yóò fi tú ká, ṣùgbọ́n ẹ̀dà 1.0 jáde ní Oṣù Karùn-ún 2017, òmíràn sì ti tẹ̀lé e lẹ́yìn náà. Debian 8 àti Ubuntu 15.04 ti gbé systemd jáde ní tiwọn ní Oṣù Kẹrin 2015. Ní Oṣù Kejìlá 2019, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ Debian tún dìbò: systemd ni kí wọ́n dojú kọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá ń wá ọ̀nà mìíràn.

Ìgbà tí àwọn alátakò rántí ẹjọ́ wọn jù ni Oṣù Kẹta 2024. Andres Freund, ọmọ Jámánì tí ń ṣiṣẹ́ fún Microsoft, ṣàkíyèsí pé àtiwọlé sórí ẹ̀rọ kan nípasẹ̀ ssh fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnìkan tí ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti fi sùúrù ọdún méjì gbẹ́ sínú ètò kékeré kan tí ń jẹ́ xz. Kí ló kan xz kan ssh? Debian àti àwọn mìíràn ló so ssh mọ́ libsystemd, kí ó lè máa sọ fún baálé pé òun ti jí. Libsystemd sì ń fa xz wọlé. Ẹ̀dà ìdánwò nìkan ni ó tíì dé, Ọlọ́run ló yọ wá. Ṣùgbọ́n kí a má bàa purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń kọ systemd ti ń gé okùn náà ṣáájú kí ìròyìn tó jáde.

Poettering fi Red Hat sílẹ̀ lọ sí Microsoft ní 2022. Alpine, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò, OpenRC ni ó fi ń jí ilé. Void ń lo runit. Slackware kò yí padà. Ní Oṣù Keje 2023, systemd kéde pé ìwé àṣẹ irú ti System V, èyí tí òun ti ń gbà láyè láti ìbẹ̀rẹ̀, ti di ohun àtijọ́, àti pé òun yóò yọ ọwọ́ nínú rẹ̀ láìpẹ́.

Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà Linux nílé, ẹ ní kí ọmọ yín tẹ ps -p 1 fún yín. Orúkọ kan ni yóò jáde ní ìsàlẹ̀, ní apá ọ̀tún. Bí ẹ bá rí systemd, ẹ ní kí ó tẹ systemctl status tẹ̀lé e: gbogbo ilé ni yóò tò sílẹ̀ bí igi ìdílé, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ilà tirẹ̀. Bí ẹ bá rí init, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló yàn án fún un.